Bàbá Tapólì àti Àwọn Orogún Ìyá Àgbà

Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ológbò rí. Mi ò fi ṣe àṣírí mọ́, torí kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ láti Liverpool Road ní Àpápá títí dé Amukoko. Kì í ṣe pé mo kàn tẹrí ba díẹ̀ o. Mo nà gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀, iyanrìn wọ inú irùngbọ̀n mi, mo sì fi ohùn ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ kejì tí a sin bàbá àgbà mi ni. Àwọn ẹbí ní kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ onípákó ní Liverpool Road, níbi tí òun àtèmi ti jọ ń rán tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí tírélà, kí n lọ wò ó bóyá olè ò tíì kó irinṣẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Tapólì kan wà ní ìká lórí àga tí Bàbá máa ń jókòó sí, fìlà iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lórí tapólì náà, ibi tó bọ́ ọ sí lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ kan wọlé báyìí, fìlà mì. Ó dúró. Ó tún mì. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan wúkọ́ lábẹ́ ẹ̀, ikọ́ gbígbẹ, bí ikọ́ Bàbá gan-an.

Ẹlòmíì ì bá sá. Èmi náà fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ni pé bí àgbà bá wà níjòókòó, o ò gbọdọ̀ wọlé kó o máà kí i. Ara mi dáhùn kí ọpọlọ tó dé. Ìgbà tí mo máa fi mọ̀, mo ti wà nílẹ̀. Ìyá Ríṣí, tó ń ta ẹja yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, ti dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú abọ́ orí ẹja lọ́wọ́. Fìlà bá gbéra, ológbò aláwọ̀ eérú kan yọjú lábẹ́ ẹ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó yán.

Ìyá Ríṣí ní, "Dìde, ọmọ mi. Ó ti dá ẹ lóhùn."

Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé akíkanjú ló ń kọ̀wé. Ẹ̀rù ológbò ń bà mí láti kékeré, àwọn ọmọ ilé tó ń pè mí ní Ańkù Àjàní sì mọ̀ dáadáa. Tí mo bá fẹ́ bá wọn wí, wọ́n á ní, "Ańkù, miáò," ọ̀rọ̀ á sì tán. Ìwé tí mo kà dúró ní fọ́ọ̀mù tíìrì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bá Bàbá jókòó pẹ́ jù nínú gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ní kí n kọ ìrántí yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó wúwo ju pósí lọ. Ta ni yóò máa bọ́ àwọn ológbò tí Bàbá fi sílẹ̀? Kí sì ni a máa ṣe fún Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó lọ sí Àpápá GRA, tí òun náà ò sì wí pé òun ń lọ, tí kò wí pé òun ò lọ? Ti Ìyá Àgbà ò sí lọ́wọ́ mi. Ti ológbò ni mo ti pinnu: kò ní jẹ́ èmi.

Bàbá Tapólì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ, òwú rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń fa òwú yẹn kọjá lára àbẹ́là kó tó fi ránṣọ, kó lè yọ̀. Awọ kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó fi ń ti abẹ́rẹ́ wọlé. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi mọ ibi tí awọ ẹran parí sí tí awọ Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń kọ orin ìsìn bó ṣe ń ránṣọ, ẹsẹ àkọ́kọ́ nìkan. Tó bá parí ẹsẹ àkọ́kọ́, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé kò mọ ẹsẹ kejì ni. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Èyí ni mo ṣì ń rò."

Láàárọ̀, kó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, á mú òòlù onígi, á máa lọ láti ara tírélà kan sí èkejì lójú ọ̀nà. Á kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kò, kò, kò, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, á ní, "Onílé fẹ́ jáde o! Ẹ dìde ńbẹ̀ o!" Ìdí ẹ̀ ni pé bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, inú ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná ni àwọn ológbò àdúgbò máa ń sùn sí. Tí dírẹ́bà bá kàn ṣiná mọ́tò, ọ̀rọ̀ á bàjẹ́. Àwọn dírẹ́bà ò mọ èyí. Ohun tí wọ́n rí ni bàbá arúgbó tó ń fi òòlù kan mọ́tò, tó ń sọ̀rọ̀ sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ kùtù. Wọ́n bá gbà pé àdúrà ni. Ẹni tí Bàbá kan tirẹ̀, ó lọ, ó bọ̀ láyọ̀; ẹni tí kò kan tirẹ̀, táyà rẹ̀ bẹ́ lọ́nà. Ó tán. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ jáde láìjẹ́ pé Bàbá fọwọ́ sí i. Mo rí dírẹ́bà gìrìwò kan tó sáré tẹ̀lé e, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Baba, abeg, you never knock my own."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún wọn pé torí ológbò ni?"

Ó kan ti ọkùnrin yẹn, ó wo abẹ́ ẹ̀, ọmọ ológbò kan sì jáde níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń na ara. Bàbá ní, "Tó bá ti gba ẹ̀mí kan là, jẹ́ kó máa jẹ́ àdúrà."

Ẹ má rò pé Bàbá lawọ́ sí gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀. Tó bá kan ẹja, ahun ni. Ìyá Ríṣí àtàwọn ẹlẹ́ja yòókù máa ń kó orí ẹja tí wọ́n gé kúrò fún un, orí ṣawa, orí kọ́tẹ̀, nígbà míì orí títù tó ní ẹran lára. Bàbá á fọ̀ wọ́n, á sè wọ́n lórí sítóòfù, á fi omi rẹ̀ pò gààrí díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó gé sí méjì ni abọ́. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé, ebi ń pa mí lọ́jọ́ kan, òórùn títù sì ti wọ imú mi. Mo na ọwọ́. Bàbá gbá ọwọ́ yẹn bí ẹni gbá eṣinṣin.

Mo ní, "Bàbá, ebi ń pa mí o!"

Ó ní, "Mo gbọ́. Ìwọ ní ẹnu tó lè sọ ọ́. Lọ sọ ọ́ fún ìyá ẹ àgbà."

Ìyá Àgbà sì rèé, òun ló yẹ kí n ti kọ ìwé yìí fún. Ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni Bàbá ti gbé e níyàwó, pẹ̀lú òrùka, ìyàwó kan ọkọ kan. Ọjọ́ tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ológbò ni Ìyá Àgbà ti ń pè wọ́n ní orogún rẹ̀. Bí Bàbá bá pẹ́ délé, á ní, "Ta lẹ sùn tì lónìí nínú àwọn ìyàwó yín?" Bí Bàbá bá ń múra láàárọ̀, á ní, "Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ ní ìyáálé wọn ò bínú." Bí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bá ń ṣàròyé nípa ọkọ tó ń yan àlè, Ìyá Àgbà á ní tòun dáa, òun mọ gbogbo orogún òun, wọ́n nírù.

Nígbà tí alàgbà kan wá sílé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní àwọn ará ń sọ̀rọ̀, pé ológbò dúdú kan wà láàárín àwọn ti Bàbá tí ojú ẹ̀ ò dáa, mo wà níbẹ̀, mo sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, torí ó pẹ́ tí mo ti ń fura sí dúdú yẹn. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó bi alàgbà pé kí ni ológbò ń ṣe nínú ọkọ̀ Nóà. Alàgbà rò ó títí. Ó ní bóyá ó ń pa eku. Bàbá ní, "Ó dáa. Eku tiwa níbí náà ń dúró dè é."

Ṣùgbọ́n ìjà gidi kan wáyé rí láàárín Bàbá àti Ìyá Àgbà. Ọ̀kadà kan gbá ológbò kan nítòsí ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá sì gbé e wálé. Nínú òkùnkùn yàrá, ó nawọ́ sí ohun tó rò pé àkísà ni, ó fi wé e. Kì í ṣe àkísà. Ìró àǹkárá tuntun tí Ìyá Àgbà ò tíì ró lẹ́ẹ̀kan rí ni. Tóò. Odidi ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Àgbà ò bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà nínú yàrá kan náà.

"Àjàní, sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì."

"Àjàní, sọ fún ìyá ẹ pé mo ti rí i."

"Àjàní, bi í pé ṣé ojú ń dùn ún ni, tí kò fi mọ ìró yàtọ̀ sí àkísà?"

Ológbò yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú àǹkárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì, ara rẹ̀ ti ń yá. Bàbá ní, "Àjàní, sọ fún ìyá ẹ pé mo ti wò wọ́n méjèèjì dáadáa, ìró yẹn yóò yẹ òun ju ológbò lọ."

Mi ò rí iṣẹ́ yẹn jẹ́, torí ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Ìyá Àgbà. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣe é ṣe. Ó da aṣọ borí, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó yọjú, ó ní, "Ẹni tó fẹ́ tapólì lọ́kọ kò lè ní aṣọ."

Bàbá gbìyànjú láti wo ẹ̀rù mi sàn. Ó ní iṣẹ́ ni oògùn ẹ̀. Ó gbé ọmọ ológbò kan lé itan mi lọ́jọ́ kan tí mo ń ránṣọ, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, kí n má wò ó. Báwo ni mi ò ṣe ní wò ó? Mo gbé ojú lé e, mo ń ránṣọ. Ó mí, mo mí. Ó gbé etí, mo gbé èjìká. Ọwọ́ mi ń lọ lábẹ́lẹ̀ láìdúró, mo sì ń yin ara mi nínú pé mo ti di ọkùnrin. Nígbà tí dírẹ́bà tó ni iṣẹ́ náà dé, tí mo ní kí n dìde gbé tapólì rẹ̀ fún un, tapólì bá mi dìde. Mo ti rán ṣòkòtò mi mọ́ ọn láti orúnkún dé ìdí, ìrán tó dáa, tó dúró dáadáa. Dírẹ́bà yẹn bi Bàbá pé ṣé èmi náà wà lára ẹrù ni. Bàbá fi abẹ tú mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, mo mọrírì ìyẹn. Ìgbà tó tú mi tán ló tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Àjàní, ológbò yìí ò tóbi. Ẹ̀rù tó o gbé ti ilé wá ló tóbi. Òun ni kó o kọ́kọ́ fún lóunjẹ, kó lè lọ sùn."

Mo ń bọ̀ síbi ohun tí àwọn ará Liverpool Road fi ń rántí Bàbá. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni. Ológbò aláwọ̀ eérú kan, ìyá èyí tí mo dọ̀bálẹ̀ fún, ti bímọ, a ò sì mọ ibi tó bí i sí. Dírẹ́bà kan tó ń gbé ẹrù lọ sí òkè Ọya rán ọmọ mọ́tò rẹ̀ wá gba tapólì tí a tún rán fún un. Òfin ṣọ́ọ̀bù wa ni pé tapólì kankan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé a gbọ̀n ọ́n wò, torí ẹni tó lè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti lọ gba orí ẹja, èmi náà ti lọ ra búrẹ́dì, ọmọ mọ́tò ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sí èjìká, ó lọ. Wọ́n nà án lé ẹrù. Ó gùn ju ẹrù lọ, wọ́n bá fi èyí tó kù sílẹ̀ ní ìká lókè lọ́hùn-ún, wọ́n fi okùn dì í pinpin.

A padà dé, ológbò ń ké. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbóòórùn ibi tí tapólì yẹn wà tẹ́lẹ̀, ó sáré jáde lọ sídìí tírélà, ó wo òkè, ó ké, ó tún sáré wọlé. Bàbá wo ológbò, ó wo àyè tó ṣófo yẹn, ó wo tírélà tí wọ́n ti ṣiná rẹ̀ sílẹ̀ tó ń mì. Kò pariwo. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti ègé tapólì kan, ó lọ gbé àpótí kalẹ̀ síwájú táyà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Ó ń kọ ẹsẹ àkọ́kọ́.

Dírẹ́bà fun fèrè. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fun tiwọn. Àpápá mọ̀ nípa fèrè tírélà. Tí wọ́n bá fun ún báyìí, eyín èèyàn á máa jó lẹ́nu.

Dírẹ́bà yọrí. "Baba! Comot for road! Ọ̀nà mi jìn o!"

Bàbá ní, "Ó jìn lóòótọ́. Ti ọlọ́mọ tó ń ké yìí jìn ju tìẹ lọ. Pa iná mọ́tò."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Àjàní, gùn ún. Nawọ́ sínú ìká tó wà lẹ́yìn yẹn, kó o kó àwọn ọmọ yẹn wá."

Ẹ wò ó, mo gùn ún. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo gùn ún dé òkè, mo sì nawọ́ dé ẹnu ìká yẹn. Nǹkan kan rọra mí ooru sí ìka mi. Mi ò mọ bí mo ṣe délẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ó wò mí. Ó dìde lórí àpótí, ó fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. "Tóò, wá jókòó síbí. Má dìde o, ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀."

Bí mo ṣe jókòó síwájú tírélà nìyẹn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń mí sí mi lẹ́yìn ọrùn, tí dírẹ́bà ń bú ìran mi. Láàárín tírélà àti ọmọ ológbò, mo yan tírélà. Bàbá sì gùn ún lọ, bàbá arúgbó, òun àti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó tú okùn tí wọ́n dì, ó tú ìká, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ tí ojú wọn ò tíì là sínú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Dírẹ́bà ti bọ́ sílẹ̀, ó gbaná jẹ. "Na because of cat, Baba? Torí ológbò lásán?"

Bàbá gbé fìlà yẹn sílẹ̀ níwájú ìyá wọn. Ó nà tán, ó fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹrù ni mo rán tapólì fún. Mi ò rán aṣọ òkú fún ọmọ ẹnikẹ́ni."

Fèrè dákẹ́. Dírẹ́bà wo fìlà yẹn pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gun ẹrù padà láti lọ so okùn, kò jẹ́ kí Bàbá fọwọ́ kàn án. Nígbà tó tún gba ọ̀nà wa kọjá, mo rí i tó ń fi ìkúùkù kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, kò, kò, kò, kó tó wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ inú fìlà yẹn ni èyí tó wúkọ́ sí mi. Kò gbà láti sùn síbòmíì mọ́, àfi abẹ́ fìlà Bàbá.

Ìgbà tí àìsàn dá Bàbá dúró sílé ní Amukoko, ìbéèrè kan ló ń bi mí nírọ̀lẹ́ tí mo bá dé. "Ṣé wọ́n ti jẹun?" Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni, lápá kan. Bí mo ṣe ń bọ́ wọn ni pé mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá ju orí ẹja wọlé bí ẹni ju òkò, màá pa ilẹ̀kùn dé. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn abọ́ kẹ́ẹ̀gì yẹn mọ́. Ẹnì kan ń fọ̀ wọ́n. Ẹnì kan ń se ẹja, ó sì ń pò ó mọ́ gààrí.

Lákòókò yẹn, Ìyá Àgbà ní àdúrà ọ̀sán kan tó máa ń lọ. Mi ò tíì gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí. Á fi ìborí funfun wérí, á mú Bíbélì dání, á lọ, á padà dé nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan tó dé, tó bẹ̀rẹ̀ láti tún ìrọ̀rí Bàbá ṣe, mo rí i tí imú Bàbá ń gbóòórùn.

Bàbá ní, "Ìyá Fẹ́mi, àdúrà yín tòní ní ṣawa nínú."

Fẹ́mi ni bàbá mi, àkọ́bí wọn, tó ti ṣáájú Bàbá lọ. Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ sùn."

"Mo fẹ́ sùn náà." Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó ń run ẹja yẹn, ó gbé e sí àyà. "Ìyáálé dáadáa ni ẹ́."

Mi ò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó gún lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

A sin ín. A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ yẹn ni Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, àbíkẹ́yìn Bàbá, pe ìpàdé sí pálọ̀ wa. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni Bọ̀ọ̀dá ń ṣiṣẹ́ sí, GRA ló ń gbé, dírẹ́bà ló ń wà á. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé tí ọ̀rọ̀ bá wà nílẹ̀, ó máa ń fẹ́ kó parí kí tíì tó tutù.

Ó ní, "Màmá, yàrá yín ti wà nílẹ̀. Ẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀."

Ìyá Àgbà ní, "Mo sọ fún ẹ pé ooru ń mú mi?"

"Màmá, ẹ ò lè dá gbé ní Amukoko níbí. Ṣọ́ọ̀bù Dádì náà, ẹ jẹ́ ká dá a padà fún onílẹ̀. Àwọn ológbò yẹn, dírẹ́bà mi á kó wọn sínú àpò, á lọ tú wọn sílẹ̀ lọ́nà Badagry. Àjàní, ìwọ ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo fi ń jẹun, mi ò fẹ́ kó lọ. Àpò yẹn ni etí mi gbọ́ dáadáa. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àpò yẹn... àpò yẹn ò burú."

Ìyá Àgbà ò wò mí. Ìyá Ríṣí, tó wá kí wa tòun ti abọ́ orí ẹja rẹ̀, ló wò. Ó ní, "Ìyá Ríṣí, kí lo sọ pé ojú ẹ rí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì ìsìnkú?"

Mo ní, "Ìyá Àgbà, kò kan—"

"Ìwọ kọ́ ni mo ń bi."

Ìyá Ríṣí dìde. Ó tún ìró ró. Ó fi ọwọ́ ṣe fìlà, ó fi ọrùn ṣe ológbò, ó sì fi gbogbo ara ṣe èmi. Nígbà tó dé "Ẹ káàárọ̀, sà," àwọn ọmọ ilé ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ń pa wọ́n kú. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé alára ń nu ojú.

Ó ní, "Màmá, ó dáa, a ti rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká pa dà sórí ọ̀rọ̀."

Ìyá Àgbà ní, "Ọ̀rọ̀ náà là ń sọ. Káyọ̀dé, bàbá ẹ kú, ó fi opó sílẹ̀. Èmi nìkan kọ́. Ẹ ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi tipẹ́ pé mo lórogún, ẹ rò pé mò ń ṣeré. Ní ilé tí wọ́n ti bí mi, wọn kì í kó opó sínú àpò. Ẹni tó bá máa lé wọn, kó ti ọ̀dọ̀ ìyáálé bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo wọ́n bá wọ mọ́tò ẹ, tí wọ́n jókòó sórí àga, èmi náà á bá yín lọ sí GRA."

Mo ń wo ilẹ̀ torí mo mọ̀ pé ojú ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó dé.

Ìyá Àgbà ní, "Ìyàwó ẹni tó kú, ṣíṣú ni wọ́n ń ṣú u lópó. Ọkọ ìyàwó ló sì ń dọ̀bálẹ̀. Àjàní ti dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ẹlẹ́rìí wà, ìyàwó yán, kò kọ̀ ọ́." Ó na ọwọ́ sí abọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ Ìyá Ríṣí. "Ẹ bá mi gbé orí ẹja fún ọkọ ìyàwó."